Oúnjẹ Àìsè Tó Gbóná Lẹ́nu: Bí Mo Ṣe Ń Jẹ Ẹ́ Nígbà Òtútù Ní Lọ́ńdọ̀nù

Ẹni tó bá ń jẹ oúnjẹ àìsè ní Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta kò ní wàhálà púpọ̀. Oòrùn ti bá a ṣe ìdajì iṣẹ́ náà. Tòmátì inú apẹ̀rẹ̀ kì í tutù lọ́sàn-án, ìbẹ́pẹ tí a bá gé sílẹ̀ kì í pẹ́ tó fi ń lọ́ wọ́ọ́wọ́. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀. Bí oṣù kọkànlá bá ti wọlé, tí ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú láti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ẹni tó gbé abọ́ ẹ̀fọ́ jáde nínú fìríìjì yóò kàn máa wò ó ni, ọkàn rẹ̀ yóò sì ti fà sí ọbẹ̀ gbígbóná. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń jáwọ́. Wọ́n á ní oúnjẹ àìsè ti sú àwọn. Oúnjẹ kọ́ ló sú wọn, òtútù ló lé wọn.

Iṣẹ́ alẹ́ ni mo ń ṣe ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù. Ìgbà tí mo bá ń délé láàárọ̀, ọwọ́ mi á ti kú tipiri. Ọkọ mi àti àwọn ọmọ ń jẹ ìrẹsì àti àmàlà wọn. Èmi ń jẹ ẹ̀fọ́, èso, àgbọn, ẹ̀pà, òfio àti irúgbìn tí mi ò gbé kaná, àyàfi ọjọ́ Ìsinmi tí gbogbo wa jọ ń jẹ ọbẹ̀ ata. Mo fẹ́ràn bí oúnjẹ yìí ṣe ń dùn, mo fẹ́ràn bí kì í ṣe wúwo nínú mi nígbà tí mo bá fẹ́ sùn lọ́sàn-án. Mi ò sọ pé ó ń wo àrùn kankan. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn yín ni bí ẹ ṣe lè jẹ ẹ́ kó gbóná lẹ́nu dáadáa, kó sì mú ara yín móoru, láì jẹ́ pé ó jinná.

Ibi tí ooru ti gbọ́dọ̀ dúró

Àwọn tó ń jẹ oúnjẹ àìsè kò fẹnu kò sójú kan lórí ibi tí ó yẹ kí ooru mọ. Àwọn kan ní 42°C, àwọn mìíràn ní 46°C, àwọn tó gbà jù lọ ní 48°C. Èmi kì í kọjá 45°C. Ẹ rántí pé ara èèyàn alára wà ní nǹkan bí 37°C. Ìyẹn ni pé ọbẹ̀ tó wà ní 45°C gbóná ju ẹnu tó fẹ́ mu ún lọ, kò sì sí ẹni tó máa pè é ní oúnjẹ tútù. Àyè tó wà láàárín 37 sí 45 yìí kò tóbi, àmọ́ inú rẹ̀ ni gbogbo iṣẹ́ wa wà.

Ohun kan tún wà tó máa ràn yín lọ́wọ́ níbẹ̀, òun ni ata. Lẹ́nu wa àti lára awọ wa, iṣan kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti ta wá lólobó pé nǹkan gbóná. Ooru tó bá tó nǹkan bí 43°C ló máa ń ta á jí. Ata náà ń ta á jí. Oró inú ata ni David Julius, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Amẹ́ríkà, fi wá iṣan yìí rí. Òun àti Ardem Patapoutian ni wọ́n jọ gba ẹ̀bùn Nobel ti ìmọ̀ ìṣègùn ní 2021, nítorí iṣẹ́ tí wọ́n ṣe lórí bí ara wa ṣe ń mọ ooru, òtútù àti ìfọwọ́kàn. Nígbà tí mo kà á, inú mi dùn gan-an, nítorí ó ṣàlàyé ohun tí ahọ́n mi ti ń sọ fún mi: ọbẹ̀ tó wà ní 42°C tí ata rodo díẹ̀ wà nínú rẹ̀ máa ń gbóná lẹ́nu ju èyí tí kò ní ata lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ooru kan náà ló wà nínú àwọn méjèèjì. Atalẹ̀ náà ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, àmọ́ kò lágbára tó ata. Ewé míńtì ló ń ṣe òdìkejì. Iṣan tó ń mọ òtútù ni míńtì ń ta jí, nítorí náà ẹ fi í sílẹ̀ di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Ẹ ra tẹmọ́mítà oúnjẹ, èyí tó ní abẹ́rẹ́ gígùn tí wọ́n ń kì bọ inú ẹran. Kò wọ́n. Tí ẹ kò bá tíì ní i, ẹ fọ ọwọ́ yín, kí ẹ ki ìka kan bọ inú ọbẹ̀. Bí ìka bá lè dúró níbẹ̀ tí ara sì ń sọ pé ó gbóná dáadáa, ẹ ti dé ibi tí ẹ ń lọ. Bí ìka bá sá jáde, ó ti kọjá.

Kí ẹ tó tan nǹkan kan

Fìríìjì ni ọ̀tá àkọ́kọ́. Nǹkan bí 5°C ni inú rẹ̀ máa ń wà. Ẹ kó ohun tí ẹ fẹ́ jẹ jáde ní wákàtí kan ṣáájú, ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ bò ó sórí tábìlì ní ilé ìdáná. Tòmátì, ata, àlùbọ́sà, píà àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ kò tiẹ̀ ní ohun tí wọ́n ń wá nínú fìríìjì látilẹ̀wá, adùn wọn ń dínkù níbẹ̀.

Ọ̀tá kejì ni abọ́. Abọ́ tánganran tí a gbé sílẹ̀ nínú kọ́bọ́ọ̀dù nínú òtútù máa ń fa ooru kúrò lára ọbẹ̀ kí ẹ tó jókòó. Ẹ da omi gbígbóná kún un, kí ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀ títí ẹ ó fi ṣe oúnjẹ tán, kí ẹ wá dà á nù, kí ẹ nù ún gbẹ. Ẹ gbá a mú. Tí ó bá ń gbóná lọ́wọ́ yín, ẹ bu oúnjẹ sí i. Mi ò mọ ìmọ̀ràn mìíràn tó rọrùn tó èyí tó sì ń ṣiṣẹ́ tó o. Abọ́ onígi tàbí abọ́ amọ̀ tó nípọn ló dára jù lọ, àwo pẹrẹsẹ ló burú jù, nítorí oúnjẹ tó tẹ́ pẹrẹsẹ máa ń tutù wéré.

Omi kẹ́tù ló rọrùn jù

Ẹ kò nílò ẹ̀rọ olówó ńlá. Ìṣirò kékeré ni ẹ nílò. Bí ẹ bá da ife méjì omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó pọ̀ mọ́ ife kan omi ẹ̀rọ tútù, omi tí ẹ máa rí yóò wà ní nǹkan bí 70°C. Bí ẹ bá wá mú omi yìí, tí ẹ dà á díẹ̀díẹ̀ sórí ẹ̀fọ́ lílọ̀ tí ìwọ̀n rẹ̀ bá ti omi náà dọ́gba, tí ẹ̀fọ́ náà wà ní 20°C, ẹ máa rí ọbẹ̀ tó wà ní nǹkan bí 45°C. Nígbà tí abọ́ bá fi máa gba tirẹ̀, ó ti di 42 tàbí 43. Àmọ́ bí ẹ̀fọ́ yẹn bá ti inú fìríìjì wá tààrà, ọbẹ̀ yín kò ní ju 37 lọ, ìyẹn ni pé ẹnu yín kò ní mọ̀ ọ́n ní gbígbóná rárá. Ẹ rí ìdí tí mo fi kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ fìríìjì.

Nígbà tí ẹ bá ń da omi náà, ẹ máa rò ó lọ láì dúró, kí omi má bàa dúró sójú kan kó se ibẹ̀. Ẹ̀fọ́ ni ẹ máa fi sí abọ́, kí ẹ wá da omi lé e. Kí ẹ má ṣe da ẹ̀fọ́ sínú omi gbígbóná.

Ọbẹ̀ tòmátì tí mo máa ń fi èyí ṣe nìyí. Tòmátì mẹ́rin tó pọ́n dáadáa, tàtàṣé kan, ìdajì píà tó rọ̀, àlùbọ́sà tí kò ju ìka àtàǹpàkò lọ, ata rodo bí ẹ bá ṣe lè jẹ ẹ́ tó, atalẹ̀ díẹ̀, iyọ̀, omi ọsàn wẹ́wẹ́ díẹ̀. Ẹ lọ gbogbo rẹ̀ kúnná. Ẹ dà á sínú abọ́ tó ti gbóná, kí ẹ wá fi omi 70°C yẹn sí i bí mo ti sọ. Píà ló ń jẹ́ kó ki, kó má dà bí omi tòmátì lásán. Ó tún ní iṣẹ́ mìíràn: ohun tó mú tòmátì àti tàtàṣé pupa kì í wọ ara dáadáa láì sí ọ̀rá. Mo sì gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́ níbí. Ohun pupa inú tòmátì yẹn máa ń wúlò fún ara jù nígbà tí tòmátì bá jinná, nígbà tí fítámì C sì máa ń dínkù bí iná bá ti kàn án. Nítorí náà ẹni tó bá ní gbogbo oúnjẹ ló sàn ní àìsè kò wo ọ̀rọ̀ náà yíká. Ọbẹ̀ ata ọjọ́ Ìsinmi ilé wa ni mo fi ń rí apá kejì.

Ilá

Tí ẹ kò bá ní gbìyànjú ohun mìíràn nínú gbogbo ohun tí mo kọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbìyànjú ilá. Ilá ni oúnjẹ ilé wa tó bá ọ̀nà yìí mu jù. Kò nílò iná kó tó fà. Iná gan-an ló máa ń ba fífà rẹ̀ jẹ́ bó bá pẹ́ lórí rẹ̀.

Rye Lane ní Peckham, ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, ni mo ti ń ra tèmi. Ẹ ṣa èyí tó kéré, tí ìdí rẹ̀ tutù. Ẹ fọwọ́ tẹ ṣóńṣó rẹ̀: tó bá ṣẹ́ pà, ẹ mú un, tó bá wó tí kò ṣẹ́, ó ti gbó, á ní fọ́nrán. Ẹ fọ̀ ọ́ lódindi, kí ẹ fi aṣọ nù ún gbẹ kí ẹ tó gé e, nítorí omi tó bá wà lára ilá nígbà tí ọ̀bẹ kàn án máa mú kó yọ̀ mọ́ pátákó kó tó dé abọ́. Ẹ fi ihò kékeré gíréètì rin ín, tàbí kí ẹ gé e wẹ́wẹ́, kí ẹ máa fi ọ̀bẹ gún un lọ títí yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í fà.

Ẹ dà á sínú abọ́ gbígbóná, ẹ wọ́n iyọ̀ sí i. Ẹ wá bẹ̀rẹ̀ sí í ta omi gbígbóná sí i ṣíbí kan, ṣíbí kan, kí ẹ máa fi ìjábẹ̀ tàbí ṣíbí onígi lù ú kíkankíkan. Ní àkọ́kọ́ ó máa dà bí pé ó ṣàn, ẹ má dúró. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó máa gbé ara ró, àwọ̀ ewé rẹ̀ á mọ́lẹ̀ sí i, ìfófòó á hù lójú rẹ̀. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti fi ata rodo àti àlùbọ́sà lílọ̀ sí i.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ irú àti epo pupa. Wọ́n máa ń se irú fún ọ̀pọ̀ wákàtí kí wọ́n tó bò ó, wọ́n sì máa ń se ẹyìn kí wọ́n tó fún epo. Ẹni tó bá fẹ́ tẹ̀lé òfin oúnjẹ àìsè dé góńgó kò gbọ́dọ̀ fi wọ́n sí i. Èmi ń fi wọ́n sí i. Irú tó kún ṣíbí kékeré kan ló ń sọ abọ́ ilá di oúnjẹ tí mo mọ̀ láti kékeré, mi ò sì rí ìdí tí mo fi máa pàdánù rẹ̀ nítorí òfin tí èmi fúnra mi yàn láti tẹ̀ lé. Epo pupa tún wúlò lọ́nà mìíràn: òun ni tẹmọ́mítà tí a ń fojú rí. Nínú òtútù Lọ́ńdọ̀nù, epo pupa máa ń dì nínú ìgò. Bí ẹ bá fi ṣíbí kan sí ilá tí kò gbóná tó, á dúró gẹ́gẹ́ bí kókó pupa lókè, kò ní tú. Bí ọbẹ̀ bá ti kọjá 40°C, ẹ máa rí i tó yọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, tó tàn ká ojú abọ́, tí òórùn rẹ̀ jáde. Nígbà náà ni kí ẹ jókòó.

Kí la máa fi jẹ ẹ́? Mo máa ń rin kọlifíláwà títí á fi rí bí ìrẹsì, mo á fún omi rẹ̀ jáde nínú aṣọ, mo á fi iyọ̀ àti òróró díẹ̀ pa á lára, mo á sì gbé e lé orí omi gbígbóná bí mo ṣe máa ṣàlàyé yìí. Ẹ lè kàn fi ṣíbí mu ilá náà bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú kúkúmbà àti píà lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ìkòkò lórí ìkòkò

Ohun tí kò ṣeé da omi sí, bí ẹ̀fọ́ gígé, kọlifíláwà, tàbí ọbẹ̀ àgbọn tó ti ki, abọ́ irin ni ẹ máa lò fún un. Ẹ fi omi tó kéré sínú ìkòkò, ẹ gbé e kaná. Bí ooru bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í rú, ẹ pa iná. Ẹ pa á pátápátá. Ẹ gbé abọ́ irin lé ẹnu ìkòkò náà, kí ìdí rẹ̀ má kan omi, kí ẹ da oúnjẹ sí i, kí ẹ máa rò ó. Ìsàlẹ̀ ló máa ń gbóná ṣáájú, nítorí náà àárín oúnjẹ ni kí ẹ ki tẹmọ́mítà bọ̀, kí ẹ má ṣe kì í mọ́ ara irin. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ti tó.

Ẹ̀fọ́ tó le bíi kéèlì àti kábéèjì, ẹ kọ́kọ́ gé e wẹ́wẹ́, kí ẹ fi iyọ̀ àti omi ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, kí ẹ fi ọwọ́ méjèèjì rún un bí ìgbà tí a bá ń fọ ewúro. Ó máa rọ̀, ó máa wálẹ̀ dé ìdajì, á sì rí bí ẹ̀fọ́ tó ti kan iná. Ẹ wá gbé e lé orí ooru, kí ẹ da ẹ̀pà tútù tí ẹ ti gún pẹ̀lú ata gbígbẹ lé e lórí. Ẹ̀pà tó bá ti rọ, tó dúdú, tàbí tó ní òórùn burúkú, ẹ má ṣe jẹ ẹ́, pàápàá ní àìsè. Oró èbu tó ń hù lára ẹ̀pà tó ti bàjẹ́ máa ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́.

Àwọn ẹ̀rọ

Blẹ́ńdà alágbára, irú Vitamix, lè mú ọbẹ̀ gbóná fúnra rẹ̀. Abẹ rẹ̀ ń yára débi pé ìfarakanra nìkan máa ń sọ ohun tútù di ohun tó ń rú èéfín láàárín ìṣẹ́jú bíi mẹ́fà. Nítorí náà ẹ dá a dúró lẹ́yìn ìṣẹ́jú méjì, kí ẹ wọ̀n ọ́n, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀ tó bá yẹ. Blẹ́ńdà ata lásán kò lè ṣe é, mọ́tò rẹ̀ máa jó kí ọbẹ̀ tó gbóná.

Ẹ̀rọ tí ń gbẹ oúnjẹ, èyí tó ń fẹ́ atẹ́gùn lílọ́wọ́ọ́wọ́ sórí àtẹ́, ló dára fún ohun jíjẹ tó ní agbára lẹ́nu. Mo máa ń lọ kárọ́ọ̀tì, tàtàṣé àti àlùbọ́sà pọ̀ mọ́ irúgbìn flax tí mo ti rẹ, mo á tẹ́ ẹ sórí àtẹ́ kó fẹ́lẹ́, mo á gbé ẹ̀rọ sí 45°C kí n tó lọ síbi iṣẹ́. Tí mo bá dé láàárọ̀, gbígbóná ni mo ń jẹ ẹ́ láti orí àtẹ́, inú ilé á sì ti máa ta sánsán. Ẹ má tẹ́ ẹ nípọn o. Ohun tó nípọn, tó lómi nínú, tó dúró nínú ooru kékeré fún ọ̀pọ̀ wákàtí máa ń di ilé fún kòkòrò àrùn kó tó gbẹ.

Ààrò inú ilé kò dára fún iṣẹ́ yìí, ọ̀pọ̀ wọn kì í lọ sílẹ̀ ju 50°C lọ. Ìkòkò iná tí wọ́n ń pè ní slow cooker pẹ̀lú kò dára. Bí ẹ bá tiẹ̀ gbé e sí ibi tó kéré jù, ó máa ń kọjá 60. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ṣe yógọ́ọ̀tì ló yani lẹ́nu jù, nítorí nǹkan bí 42°C ni wọ́n ṣe é fún. Ife kéékèèké inú rẹ̀ dára gan-an fún wàrà òfio.

Wàrà òfio yìí ni mo máa ń mu kí n tó sùn. Ẹ rẹ òfio mọ́jú, kí ẹ ṣan án, kí ẹ lọ̀ ọ́ pẹ̀lú omi, dàbínù mẹ́ta, atalẹ̀ àti kànáfùrù kan ṣoṣo (méjì á ti pọ̀ jù), kí ẹ fi aṣọ sẹ́ ẹ. Ẹ lọ́ ọ wọ́ọ́wọ́ lórí ìkòkò. Ohun tó bá ṣẹ́kù nínú aṣọ, ẹ fi pò mọ́ irúgbìn flax fún àtẹ́ ọjọ́ kejì.

Ohun tí a kì í jẹ láì sè

Ẹ má ṣe jẹ ẹ̀gẹ́ láì sè, májèlé cyanide wà nínú rẹ̀. Kókò máa ń yún ọ̀fun gidigidi. Iṣu pẹ̀lú kì í ṣe ohun tí a ń jẹ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀wà pupa ńlá tí wọ́n ń pè ní kidney beans léwu ju bí èèyàn ṣe rò lọ: horo mẹ́rin tàbí márùn-ún péré ní àìsè tó láti mú èèyàn bì kó sì máa yàgbẹ́ gbuuru, ooru kékeré tí kò dé híhó sì tún lè mú oró rẹ̀ le sí i. Bí ẹ bá tiẹ̀ mú un hu, ìyẹn kò sọ ọ́ di ohun tó ṣeé jẹ ní àìsè.

Lẹ́ńtìlì àti ẹ̀wà mung tí a mú hu ni mo ń jẹ fún okun. Ẹ rẹ ẹ́ mọ́jú, kí ẹ máa ṣan án láàárọ̀ àti lálẹ́ fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta. Àmọ́ ẹ mọ̀ pé ohun tó ń hu nínú ọ̀rinrin àti ooru, kòkòrò àrùn náà fẹ́ràn ibẹ̀. Ní 2011, irúgbìn fenugreek tí wọ́n mú hu ló fa àjàkálẹ̀ kòkòrò àrùn E. coli ní Jámánì, tí èèyàn tó lé ní 50 sì kú. Nítorí náà aláboyún, ọmọdé, arúgbó àti ẹni tí ara rẹ̀ kò le kò gbọ́dọ̀ jẹ ẹ́ láì sè. Mi ò fún àwọn ọmọ mi jẹ, mi ò sì gbé irú rẹ̀ sún mọ́ àwọn tí mò ń tọ́jú níbi iṣẹ́.

Bí ẹ kò bá jẹ ẹran, ẹja, ẹyin tàbí wàrà màlúù rárá, ẹ gbọ́dọ̀ máa lo fítámì B12, nítorí ẹ̀fọ́ àti èso kò lè fún yín. Ní ti fítámì D, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní kí gbogbo èèyàn ronú lílo máíkírógíráàmù 10 lójúmọ́ nígbà òtútù, kí àwa aláwọ̀ dúdú sì ronú láti máa lò ó jálẹ̀ ọdún. Ẹni tó ń lo oògùn àtọ̀gbẹ tàbí oògùn tó ń mú ẹ̀jẹ̀ ṣàn kí ó kọ́kọ́ bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀ kó tó yí oúnjẹ rẹ̀ padà, nítorí ewébẹ̀ púpọ̀ lè kan iṣẹ́ oògùn náà.

Gbígbé e lọ síbi iṣẹ́

Èyí ni ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí jù. Ẹ má ṣe da ọbẹ̀ àìsè tó lọ́ wọ́ọ́wọ́ sínú fúláàsì kí ẹ máa gbé e kiri. Ooru tó wà láàárín 5°C sí 60°C ni kòkòrò àrùn fi ń bí sí i, 45 yín sì wà láàárín rẹ̀ gan-an, kò sì sí iná tó kọ́kọ́ pa ohunkóhun nínú ọbẹ̀ náà.

Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí. Mo máa ń lọ ọbẹ̀ tòmátì náà kó ki, láì fi omi sí i, mo á dé e sínú ike, mo á sì fi sínú àpò tó ní yìnyín dídì. Omi híhó nìkan ló ń wọ fúláàsì. Ní ibi iṣẹ́, ike náà máa ń wọ fìríìjì wọn títí di wákàtí kan ṣáájú ìsinmi mi, nígbà náà ni mo máa gbé e jáde sórí tábìlì. Bó bá tó àkókò, mo á fi omi fúláàsì díẹ̀ gbóná ife mi, mo á dà á nù, mo á da ọbẹ̀ sí i, mo á sì máa da omi náà sí i bí mo ṣe ń rò ó. Omi inú fúláàsì kò ní gbóná tó ti kẹ́tù mọ́ ní òru, nítorí náà ẹ lè má nílò láti fi omi tútù là á. Ẹ wọ̀n ọ́n.

Àǹtí kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́, ará Ìjẹ̀bú, tọ́ ọ wò lálẹ́ ọjọ́ kan. Ó ní, "Ìyá Dámi, ta ló ní o ò se èyí?" Mo ní, "Ẹ̀yin ẹ mu ún, mà, kó tó tutù." Ó mu ún tán, ó sì ní kí n bá òun mú ti òun wá ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, kí ata rẹ̀ pọ̀ ju báyìí lọ.

Ẹ mu ún lójú ẹsẹ̀ tí ẹ bá ti pò ó. Ohun tó bá ṣẹ́kù nínú ife, ẹ má ṣe dá a padà sínú ike, ẹ má sì tún un gbé sí fìríìjì kí ẹ tó tún un lọ́ wọ́ọ́wọ́ lẹ́yìn náà. Ẹ dà á nù, kí ẹ sì ṣe ìwọ̀nba ní ọjọ́ kejì. Fúláàsì náà, ẹ ṣí ìdérí rẹ̀ sílẹ̀ kí inú rẹ̀ gbẹ.